Bí Ẹṣin Bá Ń Tiro: Ọ̀rọ̀ Lórí Pátákò, Ìrora àti Yíyan Ìtọ́jú

Àwọn tó ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ̀ ẹṣin, àti ohun tó yẹ kí a ṣe bí ẹṣin bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Inú mi dùn pé Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti ń sọ ọ́, nítorí ìlú tó fẹ́ràn ẹṣin tó báyìí ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dun ẹṣin.

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ní ọdún Ojúde Ọba, nígbà tí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá ń gba iwájú ààfin kọjá, òkè ni ojú gbogbo wa máa ń wà. A ń wo agbádá, a ń wo gàárì àti ìjánu, a ń wo ẹni tó ń yìnbọn. Ìlù ń dún, ariwo ń sọ. Pátákò mẹ́rin péré ló sì ru gbogbo rẹ̀: ẹṣin, gàárì, ẹni tó gùn ún, àti orúkọ ìdílé. Àwọn àgbà ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Èmi bẹ̀ yín pé kí a sọ̀ kalẹ̀ lónìí fúnra wa, kí a wo ẹsẹ̀ náà dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi kò pọ̀. Kí a wá ibi tí ìrora wà kí a tó wá oògùn. Nígbà tí a bá sì ń yan ìtọ́jú, kí a fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹṣin náà ṣe òṣùwọ̀n, kí a má fi ọjọ́ ọdún kan ṣoṣo ṣe é. Gbogbo ohun tí mo máa sọ láti ìsinsìnyí lọ, lórí ìpìlẹ̀ yìí ló dúró.

ILẸ̀ GBÍGBẸ ÀTI ILẸ̀ TÚTÙ

Ẹṣin kì í ṣe àlejò nínú ìtàn wa. Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin wà lára ohun tó sọ Ọ̀yọ́ di ìjọba ńlá ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún. Ṣùgbọ́n àríwá ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹṣin náà. Nínú igbó tó wà ní gúúsù, eṣinṣin tsetse ń gbé àrùn trypanosomiasis kiri, àrùn yìí a sì máa pa ẹṣin. Ìdí nìyí tí agbára ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ fi pọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn, tí kò sì rọrùn fún wọn láti mú ẹṣin wọ inú igbó kí ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Títí di òní, àríwá ni ọ̀pọ̀ ẹṣin wa ti ń wá. Wọ́n á dúró sínú ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọn kò ní lè dùbúlẹ̀, wọn kò ní mu omi tó. Pátákò tó dàgbà lórí ilẹ̀ gbígbẹ á wá bọ́ sórí ilẹ̀ tútù. Iléyá sì ń sún síwájú bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún lórí kàlẹ́ńdà tí a ń lò. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 18 oṣù Òkúdù ni Ojúde Ọba bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kan náà ni. Àsìkò òjò nìyẹn. Ẹṣin á sùn lórí ilẹ̀ tó kún fún omi àti ìtọ̀, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á fà á lọ sórí títì ọlọ́dà tó gbóná. Rírọ̀ lóru àti gbígbẹ lọ́sàn-án yìí ni ó máa ń mú pátákò là, tí ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn. Nítorí náà, bí ẹṣin kan bá tiro ní ọjọ́ ọdún, ó ṣeé ṣe kí ohun tó fà á ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ PÁTÁKÒ

Ẹ jẹ́ kí a wo inú rẹ̀. Ìta pátákò le, ṣùgbọ́n ohun tó ń hù ni. Láti ibi tí irun ẹsẹ̀ parí sí ló ti ń hù wá sí ìsàlẹ̀, bíi mílímítà 6 sí 10 lóṣù. Nítorí náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù lónìí á lò tó oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan kí ó tó dé ilẹ̀ níwájú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí kò sí oògùn tó lè mú ògiri pátákò tó bàjẹ́ sàn kíá ju bí ó ṣe ń hù lọ.

Nínú pátákò ni egungun kan wà tó ní ìrísí pátákò fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orí àtẹ́lẹsẹ̀ ni egungun yìí jókòó lé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ògiri pátákò ló so rọ̀ mọ́, nípasẹ̀ àìmọye awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọnú ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹran ìka wa ṣe lẹ̀ mọ́ èékánná. Ẹni tí èékánná rẹ̀ ti ṣí rí mọ irú ìrora tó ń wá láti ibẹ̀. Kí onítọ̀hún wá rò ó wò pé èékánná náà ni òun fi ń rìn, tí òun sì gbé ènìyàn sẹ́yìn.

Ní ìsàlẹ̀ ni àtẹ́lẹsẹ̀ wà, pẹ̀lú apá onígun mẹ́ta kan tó rọ̀ díẹ̀ ju ìyókù lọ, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú síwájú. Apá yìí àti tìmùtìmù ẹran tó wà lókè rẹ̀ ló ń gba agbára nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹlẹ̀. Lókè wọn ni egungun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní navicular wà, iṣan líle kan sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ so mọ́ egungun ńlá náà.

Ẹṣin fi ẹsẹ̀ iwájú gbé bí ìdá 60 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí ẹṣin kan bá wúwo tó kìlógíráàmù 300, bíi 180 ti wà lórí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kí gàárì àti ènìyàn tó gorí rẹ̀. Ìdí nìyí tí títiro ẹsẹ̀ iwájú fi wọ́pọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, tó sì jẹ́ pé inú pátákò ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá.

BÍ A ṢE Ń MỌ ẸSẸ̀ TÓ Ń DÙN ÚN

Ẹṣin kò lè fẹnu sọ ibi tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ ń sọ ọ́. Ẹ mú un dé ibi tó tẹ́jú tó sì le. Ẹ dẹ okùn rẹ̀ kí orí rẹ̀ lè mì bó ṣe wù ú. Ẹ jẹ́ kó rìn, lẹ́yìn náà kó fi eré díẹ̀ kún un, kó lọ kó sì bọ̀ ní tààrà. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ń dùn ún, yóò gbé orí sókè nígbà tí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún bá kanlẹ̀, yóò sì rẹ orí sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ tó dá bá kanlẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni, ẹ wò ó láti ẹ̀yìn: ìbàdí ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn ún ni yóò máa lọ sókè sódò jù.

Àwọn dókítà ẹṣin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lábẹ́ ẹgbẹ́ wọn tí ń jẹ́ American Association of Equine Practitioners, ní òṣùwọ̀n kan tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 5. 0 ni ẹṣin tí kò tiro rárá. 1 àti 2 ni èyí tó ṣòroó rí, tí kì í hàn nígbà gbogbo. 3 ni èyí tó ń hàn nígbàkígbà tó bá fi eré díẹ̀ kún ìrìn. 4 ni èyí tó hàn bó ṣe ń rìn jẹ́jẹ́. 5 ni èyí tí kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, tàbí tí kò lè rìn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ òṣùwọ̀n yìí nítorí ìpè orí fóònù. Bí ẹ bá sọ fún dókítà pé ẹṣin yín wà ní 2 láti ọjọ́ mẹ́ta, tàbí pé àná ló dá tí ó wà ní 5 láàárọ̀ yìí, ó ti mọ ohun tó yẹ kó gbé dání àti bó ṣe yẹ kó yára tó.

Lẹ́yìn ojú, ó kan ọwọ́. Ẹ fi ọwọ́ kan pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ mọ èyí tó gbóná ju ìyókù lọ. Ẹ wá iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, lókè pátákò. Lára ẹṣin tó dá, a kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ lílù rẹ̀. Bí ó bá ń lù kìkìkì lábẹ́ ìka yín, wàhálà wà nínú pátákò yẹn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà, ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ wò ó bóyá ìṣó, òkúta, ojú dúdú tàbí òórùn wà níbẹ̀. Dókítà ní ẹ̀múgò tó fi ń tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan títí ẹṣin á fi fa ẹsẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, ó lè fi abẹ́rẹ́ pa ìmọ̀lára apá kan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tí abẹ́rẹ́ dé tí títiro fi dáwọ́ dúró, ibẹ̀ ni ìrora wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ X-ray á wá fi egungun hàn.

Mo sọ èyí gùn nítorí ohun tí mo ń rí. Ẹṣin ń tiro, a ń fi òróró ra á ní èjìká. A fi báńdéèjì di orúnkún rẹ̀. A gún un ní abẹ́rẹ́ méjì tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn. Kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ohun tí àwọn baba wa ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá nìyẹn.

ÀWỌN OHUN TÓ WỌ́PỌ̀ ÀTI ÌTỌ́JÚ WỌN

Èyí tó máa ń mú ẹṣin tiro gidigidi lójijì jù ni eéwo inú pátákò. Ìdọ̀tí á gba ojú là wọlé, ọyún á gbárajọ sínú ibi tí kò lè wú. Ẹṣin tó rìn dáadáa lánàá kò ní fẹ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́ láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ á rò pé egungun ló ṣẹ́. Ìtọ́jú rẹ̀ kò wọ́n: kí dókítà tàbí ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣí ojú kékeré kan fún ọyún náà láti jáde, kí a máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní iyọ̀ Epsom, kí a fi báńdéèjì tó mọ́ wé e, kí a jẹ́ kó sinmi níbi gbígbẹ. Ojú tí a ṣí kò gbọdọ̀ tóbi. Àtẹ́lẹsẹ̀ tí a gbẹ́ ní ihò ràgàjì á pẹ́ kó tó sàn ju eéwo náà lọ. Eéwo lásán tó ti rí ọ̀nà jáde kì í sábà nílò oògùn apakòkòrò. Ara á sì tu ẹṣin náà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìṣó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Ìṣó tó wọ àárín àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí apá onígun mẹ́ta jẹ́ pàjáwìrì, bí ihò rẹ̀ tilẹ̀ kéré tó ojú abẹ́rẹ́. Ó lè dé oríkèé, ó lè dé navicular tàbí iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí kòkòrò bá wọ ibẹ̀, àfi kí wọ́n fọ inú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kíákíá. Ayódíìnì tí a dà sí ojú ihò kò lè dé ibẹ̀. Bí dókítà bá lè tètè dé, ẹ má yọ ìṣó náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹṣin fi tẹlẹ̀, kó má baà wọlé sí i. Bí kò bá sí ọ̀nà àtidúró, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ fi àmì sí ibi tó wọ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìṣó náà kí dókítà lè rí bó ṣe gùn tó.

Eéwo ni o, ìṣó ni o, ẹ bèèrè nípa tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ó lágbára lórí ẹṣin ju lórí ọ̀pọ̀ ẹranko ilé lọ. Ara á gan, ẹnu kò ní ṣí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì yè é. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹṣin.

Ìjẹrà abẹ́ pátákò náà wọ́pọ̀ lásìkò òjò. Ẹ máa mọ̀ ọ́n nípa òórùn burúkú àti omi dúdú tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá onígun mẹ́ta. Oògùn rẹ̀ tó dára jù ni ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ gé ibi tó ti jẹrà kúrò, ẹ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ẹ fi oògùn apakòkòrò tí dókítà bá yàn sí i. Bí ibùso bá tutù, oògùn tí ẹ fi sí i láàárọ̀ ti bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni laminitis. Àwọn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so egungun rọ̀ mọ́ ògiri pátákò ló ń kú tí wọ́n sì ń já. Bí wọ́n bá já, ìwọ̀n ara ẹṣin á máa ti egungun náà sísàlẹ̀, ó sì lè yọ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun tó ń fà á pọ̀: ọkà bàbà tàbí àgbàdo tí ẹṣin jẹ lájẹjù lẹ́ẹ̀kan, àìsàn ikùn tó le, abo ẹṣin tí ibi rẹ̀ kò jáde lẹ́yìn tó bímọ, sísanra jù, eré àsápajúdé lórí ilẹ̀ líle, àti ẹsẹ̀ tó ń gbé ìwọ̀n ẹnìkejì rẹ̀ tó farapa. Ẹ wo ìdúró rẹ̀. Yóò na ẹsẹ̀ iwájú síwájú, yóò fi ara ti ẹ̀yìn, kò ní fẹ́ yí padà. Pátákò á gbóná, iṣan á máa lù.

Wákàtí ni a fi ń ka ọ̀rọ̀ laminitis. Ẹ dá ọkà dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó máa jẹ koríko gbígbẹ. Ẹ gbé e sórí yanrìn tó jìn tó sì rọ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ọkà lájẹjù, kó tó tiro rárá, ẹ kó yìnyín àti omi sínú àpò, kí ẹ fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀ láìdáwọ́ dúró fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Yìnyín tí a tètè lò wà lára ohun tó lágbára jù láti dá àrùn yìí dúró. Ẹ má fi pàṣán lé e pé kó rìn kí ara rẹ̀ lè yá. Gbogbo ìṣísẹ̀ ló ń já awọ kan sí i. Dókítà á fún un ní oògùn apàrora, á fi ohun rírọ̀ gbé abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ró, ẹni tó ń gé pátákò á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó máa gba ọ̀pọ̀ oṣù.

Àrùn egungun navicular kì í wá lójijì. Ẹṣin á máa kùnà díẹ̀díẹ̀, ìṣísẹ̀ rẹ̀ á máa kúrú, ẹ óò rò pé ó ń ṣọ̀lẹ ni. A kì í wò ó sàn pátápátá, ṣùgbọ́n ó ṣeé bá gbé. Kí a gé iwájú pátákò tó gùn jù, kí a gbé gìgísẹ̀ ró, kí a kan bàtà irin tó yẹ, kí a dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Abẹ́rẹ́ tún wà tí wọ́n ń gún sí oríkèé, oògùn sì wà fún egungun fúnra rẹ̀.

KÍ A TÓ YAN ÌTỌ́JÚ

Bí a bá ti mọ ibi tí ìrora wà, ọ̀nà kan kọ́ ló wọ ọjà. Èwo ni kí a wá yàn? Mo dábàá pé kí olówó ẹṣin, olùtọ́jú rẹ̀ àti dókítà jókòó papọ̀, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Kí ni ohun tó bàjẹ́ gan-an? Ibo ni ìwòsàn rẹ̀ lè dé: ṣé á padà sí iṣẹ́, àbí á kàn lè máa jẹ̀ láìsí ìrora? Ta ni á máa tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́, fún oṣù mélòó, owó rẹ̀ ńkọ́? Ìkẹrin ni báwo ni ọjọ́ ẹṣin náà á ṣe rí ní gbogbo àsìkò ìtọ́jú yẹn. A sábà máa ń bèèrè ìkẹta nìkan, apá owó rẹ̀ nìkan sì ni. Ìkẹrin ni a kì í bèèrè rárá.

Ẹ jẹ́ kí a gbé oògùn apàrora yẹ̀ wò. Phenylbutazone ni ọ̀pọ̀ ń lò. Oògùn dáadáa ni, ó ń dín ìrora àti ìwúlé kù, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù tàbí pẹ́ jù, ó ń dá ọgbẹ́ sí ikùn àti ìfun ẹṣin, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, pàápàá ẹṣin tí kò mu omi tó. Bí a bá fi òmíràn tó jọ ọ́ kún un, ewu náà á pọ̀ sí i. Ibi tí mo ti fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ nìyí: oògùn apàrora tí a fún ẹṣin kí ó lè sinmi kí ó sì jẹun, ìtọ́jú ni. Èyí tí a fún un láàárọ̀ ọdún kí títiro rẹ̀ má baà hàn kí a lè gùn ún, ìpalára ni. Ẹsẹ̀ náà kò sàn; ìkìlọ̀ ni a pa. Ẹṣin á tẹ ibi tó bàjẹ́ mọ́lẹ̀ tagbáratagbára, ó sì lè ṣubú láàárín èrò pẹ̀lú ẹni tó gùn ún. Àjọ tó ń darí eré ìdíje ẹṣin lágbàáyé, FEI, kò gbà kí oògùn yìí wà lára ẹṣin tó ń díje.

Bákan náà ni gígé iṣan tó ń gbé ìrora láti gìgísẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Wọ́n ń ṣe é fún ẹṣin tí àrùn navicular rẹ̀ kò gba ìtọ́jú mìíràn. Ó lè fún un ní ìsinmi fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iṣan náà lè tún hù, kókó tó ń dun ni lè yọ síbi tí wọ́n gé, iṣan líle abẹ́ egungun lè já. Bí ìṣó bá sì wọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ yẹn, ẹṣin náà kò ní mọ̀. Ẹni tí kò lè máa gbé ẹsẹ̀ ẹṣin rẹ̀ wò lójoojúmọ́ kò yẹ kó yan iṣẹ́ abẹ yìí.

Ní ti fífi irin gbígbóná jó ẹsẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó fi ìmọ̀ náà lé wa lọ́wọ́, nítorí wọ́n fẹ́ràn ẹṣin wọn. Síbẹ̀, kò sí ẹ̀rí pé jíjó náà ń wo ẹsẹ̀ sàn. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí ẹṣin ń gbà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fún un ní ìsinmi náà láìjó o.

Bàtà irin náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹṣin tó ń rìn lórí títì ọlọ́dà nígbà gbogbo lè nílò rẹ̀. Ẹṣin tó ń gbé lórí pápá tó sì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ lè máà nílò rẹ̀ bí a bá ń gé pátákò rẹ̀ déédéé. Bàtà tí a kàn lórí pátákò tí a kò gé dáadáa burú ju àìní bàtà lọ, ìṣó tó ṣìnà tó wọ ẹran sì ń dá eéwo sílẹ̀.

Bí owó àti ọgbọ́n bá pé, ṣé gbogbo ẹṣin ni á yè? Ẹ gbọ́ ìtàn Barbaro. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2006, ẹṣin yìí gba ife Kentucky Derby ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, nínú eré Preakness ní Baltimore, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ọ̀tún fọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn New Bolton Center ti Yunifásítì Pennsylvania. Dókítà Dean Richardson fi irin àti ìdè 27 so egungun náà. Egungun bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Ṣùgbọ́n ní oṣù Agẹmọ, laminitis mú ẹsẹ̀ òsì, èyí tó dá, tó ti ń gbé ìwọ̀n ara láti ọjọ́ yìí. Wọ́n gé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ògiri pátákò náà kúrò, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí àrùn náà dé ẹsẹ̀ iwájú, tí kò sí ẹsẹ̀ kan tó lè fi dúró láìsí ìrora, àwọn olówó rẹ̀ àti dókítà fẹnu kò. Wọ́n fi oògùn sùn ún títí láé ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ọdún 2007.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tó dá nílò ìtọ́jú bí èyí tó ṣàìsàn: ẹ fi báńdéèjì gbé e ró, ẹ fi yanrìn sí abẹ́ rẹ̀, láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Èkejì ni pé ìfẹ́ ní ibi tó ń dúró sí. Àwọn baba wa ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹṣin tí ìrora kò fi sílẹ̀ tọ̀sán tòru, tí kò lè dìde jẹun, tí ìwòsàn kò sì sí níwájú rẹ̀, kò yẹ kí a máa fà á kiri, kò sì yẹ kí a fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé kó máa kú díẹ̀díẹ̀. Kí dókítà ràn án lọ́wọ́ láti lọ ní ìrọ̀rùn. Ìpinnu yẹn wúwo, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a mú ẹṣin wá sí ilé wa ni a gba ẹrù rẹ̀.

ÀBÁ TÍ MO GBÉ WÁ

Mo ní àbá tó ṣeé ṣe láàárín ọdún kan. Àkọ́kọ́, kí a máa gé pátákò gbogbo ẹṣin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí a má dúró de ọdún. Èkejì, kí ẹṣin tó ń bọ̀ láti àríwá máa dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán ṣáájú Ojúde Ọba, kí a sì máa fi oúnjẹ tuntun kún tàtijọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ọkà má baà pọ̀ lójijì. Ìkẹta, kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì di ọ̀ranyàn. Ìkẹrin, kí ilẹ̀ ibùso ga, kó gbẹ, kí yanrìn tàbí koríko gbígbẹ wà lórí rẹ̀.

Ìkarùn-ún ni èyí tí yóò ṣòro jù. Kí dókítà ẹran máa yẹ gbogbo ẹṣin wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún àti láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí ó ní àṣẹ láti sọ pé ẹṣin yìí kò ní jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì lè yí i lérò padà, ìbáà jẹ́ olówó, ìbáà jẹ́ olóyè. Ẹni tó bá yá ẹṣin, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí ẹṣin bá ń tiro, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Ìkẹfà, kí a rán àwọn ọ̀dọ́ wa lọ kọ́ iṣẹ́ gígé pátákò àti kíkan bàtà irin. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB ní Abẹ́òkúta, ó wà ní Ìlọrin. Kò jìnnà sí wa. Kí a bá wọn sọ̀rọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn wá ṣiṣẹ́ láàárín wa, kí ọmọ Ìjẹ̀bú tó fẹ́ràn ẹṣin sì rí iṣẹ́ òòjọ́ ṣe níbẹ̀.

Ìdílé tó bá mú ẹṣin kan kúrò lórí ìlà nítorí pé ó ń tiro kò pàdánù iyì rárá. Òun gan-an ló fi han ìlú pé òun mọ ẹṣin í tọ́jú, nítorí gígùn ẹṣin rọrùn, ẹni tó lówó lè gùn ún. Mo bẹ àwọn olórí ìdílé tó wà níbí pé kí ẹ yan ẹni méjì méjì láti ìdílé kọ̀ọ̀kan kí a tó túká, kí wọ́n jókòó lórí àbá karùn-ún yìí, kí òfin rẹ̀ sì wà ní kíkọ kí Iléyá tó ń bọ̀ tó dé. Èmi fúnra mi ti ṣe tán láti bá wọn ṣiṣẹ́.